Lars-Eric Lindblad: Ọkùnrin tó la ọ̀nà fún àwọn tó ń lọ wo ẹyẹ pẹ́ńgúìnì ní ìpẹ̀kun ayé

Ní òru ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 2007, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa kọlu yìnyín lójú òkun Antarctica, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Èèyàn 154 ló wà nínú ọkọ̀ náà, àti arìnrìnàjò afẹ́ àti òṣìṣẹ́. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọn ọkọ̀ agbẹ̀mílà, wọ́n sì wà nínú òtútù lójú agbami fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ọkọ̀ Norway kan tó ń jẹ́ Nordnorge tó dé láti kó wọn. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó parí, ọkọ̀ pupa náà ti rì pátápátá.

Explorer ni orúkọ rẹ̀. Àjọ ìjọba Liberia tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló ṣe ìwádìí bó ṣe rì, nítorí pé Liberia, níbí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa, ni wọ́n ti fi orúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀, àsíá Liberia ló sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀ títí tó fi wọlé sínú òkun.

Nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀ yìí ní orílẹ̀-èdè Finland ní 1969, orúkọ rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lindblad Explorer ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ náà ti kú ní ọdún 13 ṣáájú ọjọ́ tó rì. Òun ló sọ ìrìnàjò lọ sí àwọn erékùṣù tí kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ di òwò, tó fi jẹ́ pé lónìí, àwọn èèyàn ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là láti lọ dúró nínú òtútù kí wọ́n sì máa wo ẹyẹ tí kò lè fò.

Ta ni Lindblad?

Ìlú Stockholm, olú ìlú Sweden, ni wọ́n bí Lars-Eric Lindblad sí ní 1927. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1951, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Ní 1958, ó dá ilé iṣẹ́ ìrìnàjò tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè é ní Lindblad Travel.

Ọdún yẹn gan-an ni àwọn bàálù ńlá oníjẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn láti Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè sùn ní New York kó jí ní Paris. Lindblad rí i pé bí gbogbo èèyàn bá ti lè dé Paris, àwọn olówó kan yóò máa wá ibi tí aládùúgbò wọn kò tíì dé. Ó kó wọn lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà láti wo ẹranko nínú igbó. Ó kó wọn lọ sí àwọn erékùṣù Galápagos ti Ecuador, níbi tí irú ẹyẹ pẹ́ńgúìnì kan ń gbé lórí ìlà tó pín ayé sí méjì, nínú oòrùn. Ní 1974, òun ló kó àwọn arìnrìnàjò afẹ́ tó kọ́kọ́ sanwó wọ orílẹ̀-èdè Bhutan tó wà láàárín àwọn òkè Himalaya.

Ṣùgbọ́n Antarctica ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù.

Ohun tí èèyàn ń bá lọ sí erékùṣù wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí Lindblad ṣe, ẹ ní láti mọ ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Ẹran pípa ni.

Ẹ wo erékùṣù Macquarie, tó wà láàárín New Zealand àti Antarctica. Láti nǹkan bí 1890 títí di 1919, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Joseph Hatch, tó ti ṣe olórí ìlú Invercargill rí ní New Zealand, ń rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti pa ẹyẹ pẹ́ńgúìnì. Wọ́n á dà wọ́n sínú àgbá irin ńlá, wọ́n á sè wọ́n, wọ́n á sì fún epo ara wọn. Epo tí ẹyẹ kan ń mú jáde kò ju ìwọ̀n àárín lítà lọ, nítorí náà ẹyẹ tí wọ́n ní láti pa kò lóǹkà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn tó ti bá ẹgbẹ́ awárí lọ sí Antarctica pariwo títí ìjọba Tasmania fi kọ̀ láti fún Hatch ní ìwé àṣẹ mọ́. Ní 1933, ìjọba sọ erékùṣù náà di ibi ààbò fún ẹranko.

Àwọn ará Sweden, ìlú Lindblad fúnra rẹ̀, ní ìtàn tiwọn níbẹ̀. Ní 1903, yìnyín fún ọkọ̀ ẹgbẹ́ awárí wọn pa, ọkọ̀ náà sì rì. Àwọn atukọ̀ rìn lórí yìnyín, wọ́n sì wakọ̀ kékeré títí wọ́n fi dé erékùṣù Paulet. Wọ́n fi òkúta kọ́ ahéré síbẹ̀. Nǹkan bí 1,100 pẹ́ńgúìnì ni wọ́n pa láti fi la ìgbà òtútù já. Ọkọ̀ ogun ojú omi Argentina kan ló wá kó wọn. N kò lè dá àwọn yẹn lẹ́bi, ebi kò mọ òfin.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ tó rì yẹn, Carl Anton Larsen, ọmọ Norway, ti rí bí ẹja àbùùbùtán ṣe pọ̀ tó lápá ibẹ̀. Ní 1904, ó padà wá sí erékùṣù South Georgia, ó sì dá ibùdó àwọn ọdẹ àbùùbùtán sílẹ̀ ní Grytviken. Láàárín 60 ọdún, àbùùbùtán tí wọ́n gbé wá sí èbúté South Georgia láti kun lé ní 170,000. Ní àárín àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ náà parí. Kì í ṣe àánú ló parí rẹ̀ o. Àbùùbùtán ló tán.

Ọdún 1966

Ìgbà yẹn gan-an ni Lindblad dé. Ní oṣù Kínní ọdún 1966, ó háyà ọkọ̀ Lapataia lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi Argentina, ó sì kó àwọn arìnrìnàjò tó lé ní 50 lọ sí Antarctica.

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé arìnrìnàjò afẹ́ débẹ̀. Ọkọ̀ Argentina àti ti Chile ti gbé àwọn èèyàn kan lọ wò ó ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ohun tó yàtọ̀ nínú ti Lindblad ni ìdí tó fi ń gbé wọn lọ. Ẹ̀kọ́ ló ń tà. Kí ọkọ̀ tó dé erékùṣù kan, onímọ̀ kan ti ní láti dúró síwájú àwọn èrò, kó ṣàlàyé ẹyẹ tí wọ́n máa rí, ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń tọ́mọ, àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe sí i.

Àdéhùn tí orílẹ̀-èdè 12 bu ọwọ́ lù ní 1959 ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Antarctica ṣe ibùdó ogun, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìwádìí. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ẹni tó ń béèrè físà. Bí arìnrìnàjò bá tẹ ẹyin ẹyẹ fọ́, ta ni yóò mú un? Lindblad gbà pé bí èèyàn kò bá rí ibẹ̀, kò ní jà fún un. Àwa náà máa ń sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pẹ́ńgúìnì, tó ti gbọ́ ariwo wọn, yóò padà sílé di agbẹnusọ wọn. Ó kó ẹ̀mí ara rẹ̀, owó rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ lé èrò yìí.

Ṣé òótọ́ ni? Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ọkọ̀ pupa náà

Ọkọ̀ àháyà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún yìnyín látìbẹ̀rẹ̀, tó kéré tó láti wọ àwọn ọ̀nà omi tóóró, tí kò ní ju nǹkan bí 100 èrò lọ. Ohun tí wọ́n kàn fún un ní Finland ní 1969 nìyẹn. Wọ́n fi irin tó nípọn ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní pupa.

Àwọn erékùṣù yìí kò ní èbúté. Ọkọ̀ ńlá yóò dúró sókè odò, wọn á sọ àwọn ọkọ̀ rọ́bà kéékèèké tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí kalẹ̀ sórí omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Èèyàn bíi mẹ́wàá yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Tó bá kan ìyanrìn létí erékùṣù, wọ́n á yí ẹsẹ̀ síta, wọ́n á sì sọ̀ sínú omi pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún. Ọ̀nà tí Lindblad gbà sọ̀ àwọn èrò rẹ̀ kalẹ̀ yìí náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń lò lónìí.

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀. Ìgbẹ́ pẹ́ńgúìnì máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú nítorí edé kéékèèké tí wọ́n ń jẹ, ó sì máa ń bo gbogbo àpáta. Lẹ́yìn náà ni ariwo. Ní etíkun St Andrews ní South Georgia, irú pẹ́ńgúìnì tí wọ́n ń pè ní king penguin máa ń kóra jọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìyá àti ọmọ á sì máa fi ohùn wá ara wọn láàárín èrò bí ìgbà tí ọmọ bá sọnù lọ́jà Ọjọ́ọba. Lókè wọn ni ẹyẹ albatross ń rà bàbà, ìyẹ́ apá rẹ̀ lé ní mítà mẹ́ta láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì.

Ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu jù ni pé ẹyẹ náà kì í sá. Kò sí ẹranko orí ilẹ̀ tó ń pa pẹ́ńgúìnì jẹ níbẹ̀, inú omi ni ọ̀tá rẹ̀ wà. Tó bá rí èèyàn, ó lè rìn sún mọ́ ọn kó wò ó lókè wò ó nílẹ̀. Ẹ rántí pé ohun kan náà yìí ló jẹ́ kó rọrùn fún àwọn òṣìṣẹ́ Hatch láti dà wọ́n bí àgùntàn lọ sídìí àgbá.

Lindblad kò fi àlàyé sílẹ̀ fún ẹni tó bá kàn rí. Roger Tory Peterson, ará Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ kọ́ àìmọye èèyàn láti dá ẹyẹ mọ̀, bá a rìn nínú ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Peter Scott, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tó dá àjọ WWF sílẹ̀ ní 1961. Bàbá Peter Scott ni Robert Falcon Scott, tó kú sínú yìnyín Antarctica ní 1912 nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ilẹ̀ tó pa bàbá rẹ̀ ló wá ń ṣàlàyé ẹyẹ rẹ̀ fún àwọn arìnrìnàjò.

Ewu wà níbẹ̀

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 1972, ọkọ̀ náà gun orí àpáta ní Antarctica. Lindblad fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Chile ló wá kó àwọn èrò. Wọ́n padà fa ọkọ̀ náà kúrò, wọ́n sì tún un ṣe ní Norway. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1979, ó tún gun orí àpáta lápá ibẹ̀, àwọn ará Chile ló sì tún wá gba àwọn èrò là.

Àwọn tó ń tako ìrìnàjò yìí di ọ̀rọ̀ náà mú. Bí olówó bá fẹ́ lọ wo ẹyẹ, ṣé owó ìjọba ilẹ̀ ẹlòmíràn ló yẹ kí wọ́n fi wá a nígbà tó bá há? Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti jìnnà tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kan ṣoṣo lè pa gbogbo ọkọ̀. Ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlara, n kò sì rò pé Lindblad rí èsì tó kún fún un rí.

Síbẹ̀ ọkọ̀ náà lágbára. Ní 1984, òun ni ọkọ̀ arìnrìnàjò afẹ́ àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà omi tó wà lókè Canada já, ọ̀nà tí yìnyín ti pa ọ̀pọ̀ atukọ̀ sí.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dojú dé

Ohun tó wó ilé iṣẹ́ Lindblad kì í ṣe yìnyín. Òṣèlú ni.

Ó gbà pé kò yẹ kí ìjọba kankan sọ fún èèyàn ibi tí kò gbọdọ̀ lọ. Ó ń kó àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí Vietnam àti Cambodia nígbà tí òfin Amẹ́ríkà kò fàyè gba kí ilé iṣẹ́ bá ilẹ̀ wọ̀nyẹn ṣòwò. Ìjọba gbé e, ó sì san owó ìtanràn. Ní 1989 kan náà, àwọn ọmọ ogun China pa àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ní Beijing, àwọn èrò tó fẹ́ lọ sí China sì fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, China wà lára ibi tó ń mówó wọlé fún un jù. Lindblad Travel kógbá sílé lọ́dún náà.

Ọmọ rẹ̀, Sven-Olof, ti ń darí ẹ̀ka tirẹ̀ láti 1979. Èyí ló wá di ilé iṣẹ́ Lindblad Expeditions tó ṣì ń ná ọjà náà lónìí.

Lindblad kú ní Stockholm, ìlú tí wọ́n ti bí i, ní oṣù Keje ọdún 1994. Ẹni ọdún 67 ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìyàwọlé omi kan létí Antarctica, Lindblad Cove.

Òfin tó fi sílẹ̀

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Lindblad ti ní ìlànà fún àwọn èrò rẹ̀: ẹ má sún mọ́ ẹyẹ jù, ẹ má mú nǹkankan lọ, ẹ má fi nǹkankan sílẹ̀. Ní 1991, ilé iṣẹ́ méje tó ń gbé èèyàn lọ sí Antarctica para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, IAATO, wọ́n sì fẹsẹ̀ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Lónìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹranko ju mítà márùn-ún lọ. Èèyàn 100 péré ló lè wà lórí ilẹ̀ níbì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tó bá gbé ju 500 èrò lọ kò gbọdọ̀ sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ rárá. Kí èèyàn tó sọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi oògùn apakòkòrò fọ bàtà rẹ̀, kó sì yọ gbogbo hóró koríko tó bá há sí aṣọ àti àpò rẹ̀.

Ìdí wà fún un. Bí pẹ́ńgúìnì bá dìde lórí ẹyin nítorí ẹ̀rù, ẹyẹ skua tó ń fò lókè yóò já wá gbé ẹyin náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀. Àwọn tó lé ní 50 ló tẹ̀ lé Lindblad lọ ní 1966. Ní sáà ìrìnàjò 2022 sí 2023, àwọn tó lọ sí Antarctica lé ní 100,000. Bí gbogbo wọn bá ń tẹ̀ lé òfin, ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ náà kò ṣeé fi wé ti àtijọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí adìyẹ tó bà lókùn: àlejò kò fọkàn balẹ̀, onílé náà kò fọkàn balẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tó ń dùn mí díẹ̀. Bó bá jẹ́ rírí ló ń sọni di olùgbèjà, olówó nìkan ni yóò máa gbèjà, torí owó tí wọ́n fi ń lọ síbẹ̀ lé ní ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lọ́dún.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Pẹ́ńgúìnì wà ní Áfíríkà, ní South Africa àti Namibia, àwọn tó kù nínú wọn tó ń yé kò sì tó 10,000 tọkọtaya. Ní 2024, àjọ IUCN fi wọ́n sípò àwọn tó sún mọ́ àtiparun pátápátá, pàápàá nítorí pé ẹja tí wọ́n ń jẹ ti dínkù. Àwọn ẹyẹ tern kéékèèké tó ń ti ìpẹ̀kun àríwá ayé fò lọ sí Antarctica lọ́dọọdún náà, ẹ̀bá òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà kọjá.

Ìwádìí Liberia tó jáde ní 2009 sọ pé ọ̀gá tó ń wa Explorer lọ́jọ́ tó rì mọ yìnyín òkun Baltic dáadáa, ṣùgbọ́n irú èyí tó pàdé ní Antarctica ṣàjèjì sí i. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òfin àgbáyé ti ka epo ọkọ̀ tó ki léèwọ̀ nínú òkun Antarctica, nítorí bí irú rẹ̀ bá dà sómi, kò ṣeé kó tán, ara ẹyẹ ló sì máa ń lẹ̀ mọ́.

Èyí tó dé kẹ́yìn kò bá ọkọ̀ wá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn onímọ̀ rí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, bird flu, lára àwọn ẹyẹ skua ní Bird Island, létí South Georgia. Ẹyẹ tó ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà bọ̀ ló ṣeé ṣe kó gbé e wá. Nígbà tó yá, ó ràn mọ́ àwọn ẹranko seal, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sí etíkun. Àwọn aláṣẹ South Georgia ti díẹ̀ lára àwọn ibi tí àlejò ti ń sọ̀. Àwọn ọkọ̀ ṣì ń lọ. Wọ́n á sọ ọkọ̀ rọ́bà kalẹ̀ bíi ti ayé Lindblad, àwọn èrò á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ etíkun, wọ́n á sì máa wo pẹ́ńgúìnì láti orí omi, láìsọ̀.